Ẹni Tó Di Okùn Mú Nílẹ̀

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìkíni kì í náni ní nǹkan kan. Bí wọ́n bá sọ ọ́ lójú Mìkáílù Onímásìtì, tó ní ṣọ́ọ̀bù ajórin lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, kì í dá sí i. Á kàn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wá ohun tí kò sọnù nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Òun mọ iye tí ìkíni ń náni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kí àgbàlagbà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, odidi ènìyàn ló sì fi san án.

Irin ló kọ́kọ́ ń jó kó tó di ẹni tó ń gun òkè. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń gbé òpó irin gàgàrà kalẹ̀ káàkiri ìlú, wọ́n ń wá àwọn tí òòyì kì í kọ́, wọ́n sì mú Mìkáílù. Níbi iṣẹ́ yẹn ló ti pàdé Jayéọlá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Aládùúrà, tó jẹ́ pé bó bá ti dé orí òpó, orin ló ń kọ. Mìkáílù á pariwo láti ìsàlẹ̀, á ní, "Wòlíì, sọ̀ kalẹ̀ o, ìjọ ti túká!" Jayéọlá á dá a lóhùn pé, "Lèmọ́mù, fa okùn, yéé wàásù fún mi!" Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé wọ́n ń jà ni. Nígbà tí iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ náà dín kù, àwọn méjèèjì ò túká. Ẹni tó bá fẹ́ gbé másìtì, ìyẹn òpó irin, tàbí áńtẹ́nà sórí ilé láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ni wọ́n ń pè.

Ẹni méjì ló ń ṣe iṣẹ́ náà: ẹni tó wà lókè àti ẹni tó di okùn mú nílẹ̀. Ẹni òkè ni ayé ń wò. Òun ni wọ́n ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, òun ni àwọn ọmọdé ń pariwo orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹni ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí ẹni òkè wà. Irin tí wọ́n ń fà sókè, okùn ni wọ́n fi so ó. Okùn náà gba orí kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí wọ́n fi kọ́ orí òpó, ó sì padà wá sọ́wọ́ ẹni ìsàlẹ̀. Ẹni ìsàlẹ̀ á wé e mọ́ èèkàn irin tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀, kí èèkàn bá a gbé ìwúwo náà. Bí ẹni òkè bá ní "Fà!", á fà. Bó bá ní "Dẹ̀ ẹ́!", á dẹ̀ ẹ́. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, kò gbọdọ̀ mira. Òfin ibẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Jayéọlá ló kó ọ̀rọ̀ rédíò wọ ayé wọn. Wọ́n lọ gbé áńtẹ́nà kalẹ̀ fún bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tó ń fi rédíò bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé sọ̀rọ̀. Kì í ṣe rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn. Èyí ń gbọ́, ó sì ń fèsì. Kò lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò lo káàdì. Ìwé àṣẹ ìjọba ló ń lò, pẹ̀lú orúkọ tí ènìyàn á máa jẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Lójú wọn báyìí ni bàbá náà pe ẹnì kan ní Brazil, onítọ̀hún sì dáhùn gbàgà bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Jayéọlá ò gbádùn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó kàwé, ó ṣe ìdánwò, ó gba ìwé àṣẹ, ó sì ra rédíò àlòkù kan.

Wáyà gbọọrọ lásán ni áńtẹ́nà rẹ̀ àkọ́kọ́, láti orí igi máńgòrò inú àgbàlá rẹ̀ dé orí ọparun kan. Comfort, ìyàwó rẹ̀, rò pé okùn aṣọ ni. Ó fọ sùtánà funfun tí wọ́n fi ń lọ sí ìjọ, ó sì sá a sí i. Jayéọlá sáré bọ́ síta.

"Ìyá Dára! O ti fi sùtánà bo Brazil lójú!"

"Ṣé Brazil ló máa bá mi wá ibòmíràn tí n ó sá aṣọ sí?" Comfort ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ bá mi kí wọn."

Nígbà tó yá, Jayéọlá àti Mìkáílù jó másìtì gidi kan síbẹ̀, onígun mẹ́ta, tó ga ju orí máńgòrò lọ fíìfíì, tí okùn irin mẹ́ta dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni tó bímọ. Jayéọlá fa Mìkáílù náà wọ inú ìdánwò títí òun náà fi gba ìwé àṣẹ, ó sì to rédíò kékeré kan jọ fún un ní Ọ̀yọ́. Láti ìgbà náà, lẹ́yìn ìrun mọ̀ǹgàríbì, Raliat ìyàwó Mìkáílù á gbọ́ ìró rédíò nínú pálọ̀, á ní, "Ẹ dìde o, àfẹ́sọ́nà yín ti ń pè yín láti Ògbómọ̀ṣọ́." Lórí irú rédíò bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó o bá ti sọ tìrẹ tán, wàá jẹ́ kí ẹnì kejì mọ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun ní ohun tí wọ́n ń sọ. Ohun tí Jayéọlá máa ń sọ ni pé, "Ó dọwọ́ ẹ."

"Mo jẹ iyán. Iṣu Ìrẹsà ni, bàbá Comfort ló gbé e wá. Ìwọ ńkọ́? Ó dọwọ́ ẹ."

"Mo jẹ ẹ̀bà. Má fi iyán ṣe fáàrí sí mi lórí afẹ́fẹ́, ìjọba ń gbọ́. Ó dọwọ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí ni. Àmọ́ irú ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí bẹ́ẹ̀ ló wọ́n jù lọ́jà nígbà tí ẹni tó ń bá ọ sọ ọ́ ò bá sí mọ́.

Bàbá Comfort tí à ń wí yìí, Alàgbà Adébáyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Àgbẹ̀ ni ní Ìrẹsà, alàgbà ìjọ sì ni. Kì í wá sílé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ òfo, kì í sì í wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ohùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé: "Ẹ kúulé o! Ẹ̀yin ará ilé yìí!" Adìyẹ á ta kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Fún Mìkáílù, bàbá yìí kì í ṣe bàbá lásán. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ tọrọ Comfort, ẹ̀gbẹ́ Jayéọlá ni Mìkáílù dọ̀bálẹ̀ sí níwájú rẹ̀, Mùsùlùmí láàárín àwọn onísùtánà. Àna ọ̀rẹ́ ẹni, àna ẹni ni. Ẹni tó bá sì rí àna, àyà ló ń fi lélẹ̀, kì í bèèrè bóyá ilẹ̀ tutù.

Sátidé kan ni wọ́n fẹ́ gbé áńtẹ́nà tuntun sórí másìtì náà. Èyí tóbi, ó wúwo, apá rẹ̀ pọ̀ bí egungun ẹja. Jayéọlá wà lókè, Mìkáílù di okùn mú nílẹ̀. Wọ́n ti fà á dé orí, ó ku kí wọ́n sọ ọ́ sínú ihò rẹ̀, ó sì ń kọ̀. Èèkàn kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín díẹ̀ àti púpọ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló mọ̀ ọ́n.

"Yọ ọ́ lára èèkàn," Jayéọlá wí láti òkè. "Fi ọwọ́ gbé e fún mi. Mo fẹ́ tú bẹ́líìtì kí n lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì."

"Mo ti yọ ọ́."

"Ó dáa. Ó dọwọ́ ẹ."

Bẹ́líìtì tó dè é mọ́ òpó ló tú yẹn, fún ìwọ̀nba ìgbà tó fẹ́ fi yí ẹsẹ̀ padà. Ìgbà náà gan-an ni géètì ṣí.

"Ẹ kúulé o! Ẹ̀yin ará ilé yìí!"

Mìkáílù yíjú. Alàgbà Adébáyọ̀ ni, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ iṣu lórí. Bí ojú ṣe kan ojú, ara ti wà nílẹ̀ kí ọkàn tó mọ̀. Àyà kan iyanrìn, ọwọ́ méjèèjì nà síwájú, ẹnu ń sọ pé, "Ẹ káàbọ̀ sà! Ẹ kú orí ẹrù sà!"

Ọwọ́ méjèèjì.

Ohun tó gbọ́ ni okùn tó ń sáré kọjá lórí kẹ̀kẹ́ kékeré yẹn, ìró bí ìgbà tí aṣọ ń ya. Kó tó gbórí sókè, irin ńlá náà ti gbá Jayéọlá. Irin kọ́kọ́ balẹ̀, òun sì tẹ̀lé e. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ náà ò pé kó tó dákẹ́. Iyanrìn ṣì wà láyà ẹ̀wù Mìkáílù nígbà tí wọ́n sọ fún un.

Àwọn ọlọ́pàá bi í léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n ní jàǹbá ni, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Àáfà àdúgbò rẹ̀ ní kádàrá ni. Àwọn ará ìjọ Jayéọlá ní Olúwa ló fi fúnni, Olúwa ló sì gbà á. Gbogbo ènìyàn ló ní ohun tí wọ́n fi rọ̀ ọ́ lọ́kàn, ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Comfort nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ń sin ọkọ rẹ̀, ó wo Mìkáílù lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé ojú kúrò.

Mìkáílù kó àwọn àgbà méjì àti Raliat lẹ́yìn, wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ pálọ̀ náà, kò dìde. Alàgbà Adébáyọ̀ jókòó sí igun kan, ó sorí kọ́. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wọ ilé náà bí ẹni tó ń wọ yàrá aláìsàn.

"Ìyá Dára," ni Mìkáílù wí, "ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Ọwọ́ ló ṣe é, ọkàn ò mọ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kékeré ni."

Ìbéèrè ni Comfort bi í. "Bàbá Marufat, ṣé kò ṣe é ṣe kí ẹ má kí wọn?"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí ìjókòó. "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyàwó? Àna ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé, kó dúró gbọnrangandan bí igi? Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni!"

"Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn ni mò ń bi." Ó ṣì ń wo Mìkáílù. "Ṣé kò ṣe é ṣe?"

Mìkáílù wo ilẹ̀. "Kò ṣe é ṣe," ló wí.

Comfort mi orí. "Mo ti gbọ́," ló wí, ó sì dìde wọ yàrá lọ. Kò bú u, kò lé e. Omi tí wọ́n ń gbé fún àlejò nílé náà, wọn ò gbé e wá lọ́jọ́ náà. Gbogbo bí Mìkáílù ṣe ń ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn ìgbà náà, èsì kan náà ló ń bọ̀: ó ti gbọ́.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ò mọ ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n kò di okùn mú nílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Òkè nìkan ló ń gùn, ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jókòó sábẹ́ àjà. Ó fi aṣọ bo rédíò inú pálọ̀ rẹ̀. Àwọn ará Akẹ̀sán sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ti ń gbéra ga, pé bí àgbà bá ń bọ̀, á dúró ná, á kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, bíi pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan wà níbẹ̀, kó tó dọ̀bálẹ̀. Wọn ò mọ ohun tó ń wò. Kò bá wọn jà lórí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá, kí Comfort sọ pé òun ti foríjì í, kó lè wọ ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó sì wo ibi tí wọ́n ti jọ jókòó.

Ọdún kejì ń parí lọ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Bàbá Marufat, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ wá tú másìtì yín."

Ó mọ ohùn náà kó tó parí ìkíni. "Ìyá Dára! Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Ó ti ń dípẹtà. Okùn irin kan ti dẹ̀, ó ti ń fì sọ́dọ̀ aládùúgbò. Òjò ti ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kó pa ẹlòmíràn."

Ọ̀rọ̀ náà gún un, ṣùgbọ́n ó gbà á. "N ó mú ọkùnrin kan wá tó máa di okùn mú."

"Ẹ má mú ẹnikẹ́ni wá. Èmi ni n ó dì í mú."

Nígbà tó sọ fún Raliat, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tí wọ́n ní kó wá gba ẹ̀bùn. Raliat ń ṣa ìrẹsì, kò dúró.

"Ẹ̀yin rò pé ó ti dárí jì yín ni?"

"Bí kò bá dárí jì mí, ṣé á pè mí? Àwọn tó ń tú másìtì ò tán ní Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ènìyàn lè pe ajórin kó má pe ọ̀rẹ́, Bàbá Marufat." Ó wá wò ó, ó rí bó ṣe ń wá ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tó mọ́ jù, àánú sì ṣe é. "Ẹ máa lọ. Ẹ so bẹ́líìtì yín dáadáa."

Ó dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí oòrùn tó mú. Comfort ti wà ní àgbàlá, ó wé gèlè mọ́rí pinpin, ó wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Àlùbọ́sà ló ń tà. Ó ń rà á lọ́dọ̀ àwọn Hausa ní Sábó, ó ń dì í sí àpò fúnra rẹ̀, nítorí náà okùn kì í ṣe àjèjì sí ọwọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Mìkáílù. Kò bi í nípa Marufat ọmọ rẹ̀, kò sì gbé omi wá. Mìkáílù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wé okùn mọ́ èèkàn.

"Mo mọ̀ ọ́n," ló wí. "Láti ojú fèrèsé ìdáná ni mo ti ń wò yín láti ọdún gbọọrọ. Èwo ni èèkàn tọjọ́ náà?"

Ó fi hàn án. Comfort lọ dúró síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí géètì, ó sì di okùn mú.

Mìkáílù gùn ún. Irin tí òun àti Jayéọlá jọ jó ni, ó mọ ojú ibi tí òun jó yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀: ti Jayéọlá wúruwùru, nítorí orin ló máa ń kọ bó bá ń jó o. Ó fi ọwọ́ pa ọ̀kan bó ṣe ń kọjá. Lókè pátápátá, áńtẹ́nà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ẹyẹ ti fi koríko kọ́lé sídìí rẹ̀. Òrùlé Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́ lọ rẹrẹ, ó rí ojú ọ̀nà tó ń bọ̀ láti Ìrẹsà. Ó so bẹ́líìtì, ó dán an wò, ó tún so ó. Ó so okùn mọ́ áńtẹ́nà náà pẹ̀lú apá orí másìtì tó gbé e dúró, ó sì tú àwọn nọ́ọ̀tì. Irin náà kọ̀, kò jáde. Ìpẹtà ti dì í.

Ó mọ ohun tó kù láti ṣe. Ó gbìyànjú kó má ṣe é. Ó fi òòlù lù ú, ó mì í, ó tún lù ú. Nígbà tó yá, ó ní láti sọ ọ́.

"Ìyá Dára, ó máa gba kí ẹ yọ ọ́ lára èèkàn. Kí ẹ fi ọwọ́ gbé e fún mi."

Ohùn Comfort wá gòkè wá, kò ga, kò rẹlẹ̀.

"Mo ti yọ ọ́. Ó dọwọ́ mi."

Irin náà jáde. Bó ṣe jáde ló fì sí ìta, ó rọ̀ sórí okùn, ìwúwo rẹ̀ sì di ti obìnrin tó wà nílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ojú Mìkáílù bọ́ sí ojú pópó. Ọ̀kadà kan dúró. Bàbá kan sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ọlọ́kadà bá a gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu lé orí, ó sì kọjú sí géètì. Fìlà yẹn ni. Ìrìn yẹn ni.

Mìkáílù fẹ́ pariwo. Ṣùgbọ́n kí ni yóò pariwo? Ọ̀rọ̀ yòówù tó bá ti ẹnu ẹni òkè jáde, àṣẹ ni fún ẹni tó di okùn mú. Ó fi apá méjèèjì gbá òpó náà mọ́ra, ó ń wo fìlà náà bó ṣe ń sún mọ́ tòsí, bẹ́ẹ̀ láti òkè, ọ̀nà kì í jìn rárá.

Géètì ṣí. Ohùn tí wọn ò gbọ́ nílé náà láti ọjọ́ ikú yẹn dún gbàgà.

"Ẹ kúulé o! Ẹ̀yin ará ilé yìí!"

Comfort ò yíjú. Mìkáílù rí i láti òkè, eékún obìnrin náà méjèèjì tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ tì lẹ́yìn. Wọ́n tún nà. Ọwọ́ rẹ̀ ò mira lára okùn.

"Comfort, mo ní ẹ kúulé."

Kò dáhùn. Alàgbà Adébáyọ̀ dúró lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ẹrù lórí, kò sẹ́ni tó sọ̀ ọ́. Ó gbójú sókè, ó rí Mìkáílù, ó sì rí irin tó ń fì. Adìyẹ kan kọjá láàárín wọn.

"Dẹ̀ ẹ́," ni Mìkáílù wí. Kò mọ̀ bóyá ohùn òun ni. "Díẹ̀díẹ̀."

Ó dẹ̀ ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni irin náà ń sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá lára ẹ̀ka máńgòrò, ó kọjá ojú fèrèsé ìdáná, ó sì kanlẹ̀ jẹ́ẹ́ bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹyin sílẹ̀. Comfort so okùn mọ́ èèkàn. Ó fà á wò. Ìgbà yẹn ló wá yíjú, ó fi eékún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ kú ìrìn sà. Ẹ kú orí ẹrù. Ará oko ńkọ́?" Ó dìde, ó sọ̀ ọ́.

Bàbá náà fi ọwọ́ ra ọrùn. "Ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán," ló wí. "Ìwọ lo ní kí n wá lónìí. Ìwọ lo ní kí n wọlé bí mo ṣe máa ń wọlé tẹ́lẹ̀. Mo rò pé inú rẹ ti ń dùn díẹ̀ ni."

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú. Ó ní ohun tí mo fẹ́ mọ̀."

Mìkáílù ti sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró nídìí òpó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún ìpẹtà. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà, ara rẹ̀ ò sì gbà fún un. Comfort kọjú sí i. Àmì okùn ti pọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Bàbá Marufat."

"Ìyá Dára."

"Bàbá tó bí mi lọ́mọ nìyí, kì í ṣe àna." Ó mí kanlẹ̀. "Ó ṣe é ṣe."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Mìkáílù ti ń gbé kiri láti ọdún méjì wà lẹ́nu rẹ̀: kádàrá, ẹ̀kọ́ ilé, ọwọ́ tí ọkàn ò mọ̀ sí. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yẹ irin àlòkù wò, kò rí èyí tó ṣì lè gbé ẹrù. Ó wo èèkàn. Ó wo ibi iyanrìn tí àyà rẹ̀ kàn lọ́jọ́ náà.

"Ó ṣe é ṣe," ló wí. "Èmi ni mo fi okùn sílẹ̀."

Alàgbà Adébáyọ̀ jókòó sídìí máńgòrò, ó fi fìlà bo ojú. Comfort dúró fún ìgbà díẹ̀ sí i, bí ẹni tó ń dúró dé ọ̀rọ̀ tó kù, nígbà tí kò sì gbọ́ òmíràn, ó wọlé. Kò sọ pé òun foríjì í. Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kò tíì sọ ọ́ títí di bí a ṣe ń wí yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ mu omi, Bàbá Marufat. Irin tó kù lókè ṣì pọ̀."

Ó gbà á. Omi àmù ni, ó tutù, ó sì mu ún tán. Ó nu ọwọ́ mọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tó mọ́ jù, ó so bẹ́líìtì, ó sì gun òkè padà láti lọ tú irin tí Jayéọlá jó kúrò lára èyí tí òun jó. Nílẹ̀, Comfort ti kọ ẹ̀yìn sí géètì, ó di okùn mú.